Lẹ́tà ṣíṣí sí gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá: ẹ bá wa ka owó tí olè ń ná wa

Ẹ̀yin gómìnà Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Oníṣòwò gàrí àti èlùbọ́ ni mí ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí ọjà yìí. N kò bá ti ipò wá sọ́dọ̀ yín, n kò sì sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Ìwé ìṣirò mi ló gbé mi dìde.

Gbogbo ìparí ọdún ni mo máa ń jókòó ti ìwé tí mo ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sí. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin tó kọ́ ìṣirò owó ní pólì la jọ ṣe é. Ọjà ò dá lọ́dún náà, síbẹ̀ èrè ò tó nǹkan. Òun ló mú báírò pupa, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká fàlà sábẹ́ gbogbo owó tí ẹ kì bá tí ná ká ní kò sí olè." Mo rò pé ibi mélòó kan la máa fàlà sí. Nígbà tí a fi máa dé oṣù Kẹta nínú ìwé, mo ní kó dúró ná kí n mumi.

Láti ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Gééètì mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa, àwa onílé àti ayálégbé la dá owó irin rẹ̀. Ọdẹ méjì ń ṣọ́ wa lóru, ilé kọ̀ọ̀kan ń san ₦3,000 lóṣù. Lẹ́yìn tí wọ́n fọ́ ilé tó kángun sí tiwa, lánlọ́ọ̀dù fi irin sí gbogbo fèrèsé, ó sì fi lé owó ilé. Iná sólà ẹnu gééètì, àwa la rà á. Nígbà tí wọ́n jí bátìrì rẹ̀ lọ, àwa náà la ra òmíràn.

A dé ṣọ́ọ̀bù. Owó ọlọ́dẹ ọjà wà níbẹ̀, owó àgádágodo wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó múra dáadáa ra àpò èlùbọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi lóòótọ́, orúkọ báǹkì mi ló wà lórí rẹ̀. Kò sówó kankan tó wọ àkáǹtì. Alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ọmọ kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa yẹ àkáǹtì wò lọ kí oníbàárà tó gbẹ́rù, mo sì ń sanwó fún un lóṣooṣù. Owó oṣù rẹ̀ wà lábẹ́ ìlà pupa.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń palẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni oníbàárà mi tó dáa jù, wọn kì í nájà pẹ́, wọ́n á kàn ní kí n wọ̀n ọ́n kíákíá. Láti ìgbà tí àwọn tó ń já fóònù gbà ti ń lúgọ sí ọ̀nà tí mò ń gbà délé, aago méje kì í bá mi lọ́jà mọ́. Wákàtí méjì lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ó di wákàtí 624 lọ́dún. Kò sí ìwé ọlọ́pàá tí ẹ máa ti bá wákàtí wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ olè ló gbà wọ́n lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ká mi lára jù ni orí ọjà tí mò ń tà fúnra rẹ̀.

Láti Ìbàràpá ni gàrí mi ti ń wá: Erúwà, Lánlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìgàngán. Ẹ̀yin náà mọ ohun tójú wọn rí níbẹ̀. Lóṣù Kejìlá 2020 wọ́n pa Dókítà Fàtàí Aborodé, ọmọ Ìgàngán tó dá oko ńlá, nígbà tó ń ti oko bọ̀ wálé. Kò pé oṣù mẹ́fà sí i, ní 5 oṣù Kẹfà 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán lóru, wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ààfin ọba àti ilé epo. Ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lọ sílẹ̀. Lórí kóńgò gàrí, kò tíì lọ sílẹ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí obìnrin tó ń yan gàrí fún mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ilẹ̀ tó jìnnà sílé ló lọ́ràá, ibẹ̀ ni bàbá wọn ti ń dáko. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ títì ni àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ ń dáko sí, ilẹ̀ tó ti ṣá. Gbáguda tó wà lóko ọ̀nà jíjìn ti gbó títí ó ti ń le nínú ilẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ fà á tu. Bí wọ́n bá tiẹ̀ máa lọ, wọ́n á kọ́kọ́ wá ọdẹ méjì tó ní ìbọn, wọ́n á san owó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún wọn, wọ́n á sì bọ́ wọn. Owó ọdẹ ti gun orí gbáguda nìyẹn. Nígbà tí gàrí bá sì délẹ̀, dírẹ́bà ò ní fẹ́ rìn lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti di ti ẹ̀ẹ̀kan, owó ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì fẹ́ fi rí oúnjẹ jẹ, nítorí náà ó fi lé owó àpò. Mo san gbogbo rẹ̀. Mo wá pín in sórí kóńgò kọ̀ọ̀kan, mo sì tà á fún ìyàwó ilé tó ń gbé ní Agbowó.

Obìnrin Agbowó yẹn kò fojú kan ajínigbé rí. Kò lọ Ìbàràpá rí. Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ro ẹ̀bà fún àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń san nínú owó náà. Èmi ni mo ń bá wọn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, ẹ̀yin gómìnà wa. Ó ń wo ojú mi bí ìkà, ó ní, "Ìyá, ẹ ti tún fowó lé e," n kò sì mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Olóyè Olú Fálaè, tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó rí, inú oko rẹ̀ lẹ́bàá Àkúrẹ́ ni wọ́n ti gbé e lọ ní 21 oṣù Kẹsàn-án 2015, ọjọ́ tó pé ẹni ọdún 77 gan-an. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Bí wọ́n bá lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóko, àgbẹ̀ tó ní ebè igba wo ló fẹ́ dá wà níbẹ̀?

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ ti ilé wa, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ní 2023 ni wọ́n jí àbúrò ọkọ mi gbé. Olùkọ́ ni. Ìsìnkú ló lọ, ibẹ̀ ló ti ń bọ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n pè wá, wọ́n ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Èmi ni mọ̀lẹ́bí gbé fóònù lé lọ́wọ́, wọ́n ní èmi ni mo mọ ọjà ná. Lóòótọ́, mo mọ̀ ọ́n ná. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ olọ́jà, mo mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò fi ọgbọ́n yẹn ná ẹ̀mí ẹbí mi. A ná an fún ọjọ́ márùn-ún. Mílíọ̀nù mẹ́ta ló dúró sí, pẹ̀lú ìrẹsì, káàdì ìpè àti sìgá.

Níbo lowó ti wá? Ọkọ mi ta ilẹ̀ ìdajì pulọ́ọ̀tì tí a fẹ́ fi kọ́lé. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi yá owó ní kóópù àwọn olùkọ́, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí wọ́n ṣì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Mo lọ gba gbogbo àjọ mi lọ́wọ́ alájọ, owó tí mo fẹ́ fi ra ọjà ìgbà òjò. Ìjọ dá owó. Àwọn ọmọ iléèwé tó ti kọ́ rí dá owó. Ọlọ́run dá a padà fún wa láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àkọ́bí rẹ̀ tó wà ní yunifásítì jókòó sílé fún ọdún kan gbáko, torí kò sówó ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn mọ́. Ó ti gba káwọn ẹlòmíì máa lọ sí ìpàdé tí ì bá fi gba ìgbéga. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Mílíọ̀nù mẹ́ta ni gbogbo èèyàn mọ̀. Ìyókù ò sí nínú ìwé kankan, àfi tèmi.

Nígbà tí a lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n ní ká mú owó bébà wá, wọ́n ní ọkọ̀ wọn ò ní epo. N kò ní sọ àgọ́ ọlọ́pàá tí a lọ, torí n kò kọ lẹ́tà yìí láti fi lé ẹnikẹ́ni kúrò níṣẹ́. A ra epo. Mo fi lé ìṣirò.

Mo gbọ́ nígbà kan pé, lóṣù Kẹrin 2022, àwọn aṣòfin àgbà l'Ábújá fọwọ́ sí àbá pé kí ẹni tó bá san owó ìtúsílẹ̀ lọ fẹ̀wọ̀n ọdún 15 jura. Òru tí a ń ka owó yẹn sínú àpò ọ̀rá ni mo rántí rẹ̀. Mo wo ọkọ mi. Kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe?

N kò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé àwa nìkan ni. Lóṣù Kejìlá 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n lọ bi àwọn èèyàn nínú ilé wọn. Wọ́n rí i pé láti oṣù Karùn-ún 2023 sí oṣù Kẹrin 2024, owó tí àwọn ará Nàìjíríà san fún ajínigbé tó ₦2.23 tírílíọ̀nù. Ìpíndọ́gba owó ìtúsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦2.67 mílíọ̀nù. Owó oṣù tí òfin ní kó kéré jù jẹ́ ₦70,000. Ẹni tó bá ń gbà á, tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọkọ̀, yóò fi ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta kó owó yẹn jọ. Ọmọ mi tún fi í wé ìsúná. Lọ́dún 2024, owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ológun, ọlọ́pàá àti ààbò jẹ́ ₦3.25 tírílíọ̀nù. Bí ìjọba bá fẹ́ ná náírà mẹ́ta láti dáàbò bò wá, àwa ti ka méjì sọ́wọ́ ajínigbé. Ìwádìí kan náà sọ pé nínú àwọn tí wọ́n jà lólè nínú ilé, àwọn tó lọ sọ fún ọlọ́pàá kò tó mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá ń fi ìwé ọlọ́pàá díwọ̀n ìyà wa, ẹ kò tíì rí ìdajì rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn olùdámọ̀ràn yín máa sọ. Wọ́n á ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì sàn. Òtítọ́ ni. Mo ń bá àwọn ará Òkè Ọya ṣòwò lójoojúmọ́ ní Bódìjà, mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ará Zamfara àti Katsina ń jẹ níyà ju tiwa lọ. Àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó fún agbébọn kí wọ́n tó lè kórè ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátì tí à ń jẹ n'Ìbàdàn, ibo ló ti ń wá? Owó orí tí agbébọn bù lé wọn níbẹ̀, àwa náà ń bá wọn dá a. Igbó kò sì mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ẹ wo Erúkú ní Kwara lóṣù Kọkànlá 2025, níbi tí wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì kó olùjọsìn lọ. Erúkú ò jìnnà sí Èkìtì. Ní Èkìtì fúnra rẹ̀, ọjọ́ kan náà, 29 oṣù Kìíní 2024, ni wọ́n pa ọba méjì, tí wọ́n sì kó àwọn ọmọ iléèwé Èmùré lọ nínú bọ́ọ̀sì. Àwọn òbí tó kó ọmọ kúrò ní iléèwé ìgbèríko lọ sí ìlú lẹ́yìn ìgbà yẹn, ta ló ka owó ilé àti owó ọkọ̀ tí wọ́n ń san?

N kò ní sọ pé ẹ kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ṣí Àmọ̀tẹ́kùn n'Ìbàdàn lóṣù Kìíní 2020, mo wà lára àwọn tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí mò ń bá ṣòwò ń sọ̀rọ̀ wọn ní rere, wọ́n ní ọmọ ìlú ni wọ́n, wọ́n mọ inú igbó. Ohun tí mo sì gbọ́ láti ìpàdé tí ẹ ṣe n'Ìbàdàn lóṣù Kọkànlá 2025 dùn mọ́ mi nínú: pé ẹ fẹ́ dá àpò owó ààbò kan sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àpò yẹn gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ máa dá owó sí i, ibi tí ẹ sì ti máa rí owó náà, ọ̀dọ̀ wa ni. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó máa náwó rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí a ti ń san ná. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò. Ẹ rán wọn jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, sínú ilé, sínú ọjà, sí gáréèjì, sí abà. Kí wọ́n béèrè ohun tí báírò pupa béèrè lọ́wọ́ mi. Èló lẹ san fún ọdẹ? Èló lẹ fi ra irin? Oko mélòó lẹ pa tì, kí ni ì bá hù níbẹ̀? Wákàtí mélòó lẹ fi ti ṣọ́ọ̀bù? Kí ẹ wá gbé èsì rẹ̀ jáde ní Yorùbá, kí wọ́n kà á lórí rédíò. Bí owó tí à ń san bá dín kù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a óò mọ̀ pé àpò náà ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá dín kù, kò sí ọkọ̀ tuntun tí ẹ lè rà fún ẹ̀ṣọ́ tó máa fi yé mi pé ó ń ṣiṣẹ́.

Owó ààbò tí ẹ̀yin gómìnà ń pè ní security vote, a kì í gbọ́ bí wọ́n ṣe ná an. Wọ́n ní àṣírí ààbò ni. Mo gbà pé kò yẹ kí ajínigbé mọ ibi tí ẹ̀ṣọ́ máa gbà. Ṣùgbọ́n iye tó wọlé àti iye tó jáde kì í ṣe ọ̀nà inú igbó. Ẹ má jẹ́ kí àpò tuntun yìí gba ọ̀nà kan náà. Nínú rẹ̀, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n ti jí gbé rí tàbí tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, kó má jẹ́ pé kóópù àti ìjọ nìkan ló ń gbé wọn ró. Ọmọ àbúrò ọkọ mi kò yẹ kó jókòó sílé fún ọdún kan.

Ohun kan ṣì wà, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe inú igbó nìkan ni wọ́n ti ń gba tiwa. Láti Ìbàràpá dé Bódìjà, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń dá ọkọ̀ gàrí mi dúró. Àwọn kan á di pátákó tó ní ìṣó mú, àwọn mìíràn á dí títì, ẹlòmíràn á kàn kí dírẹ́bà pé ẹ kú ojúmọ́, kó sì na ọwọ́. Wọn kì í fún un ní rìsíìtì. Bí kò bá san, wọ́n á já wáyà ọkọ̀ tàbí kí wọ́n lù ú. Wọ́n ti fọ́ eyín dírẹ́bà tó ń gbé ọjà mi. Lójú tèmi, ìdigunjalè nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ ojúmọmọ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹni tó gbé adìyẹ òtòṣì, ti aláròyé ló gbé, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi: ẹ kò nílò ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ kí èyí tó dáwọ́ dúró, ẹ kò nílò kí Àbújá yí òfin padà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba owó yẹn, ẹ mọ olórí wọn. Wọ́n ń bá yín jókòó nígbà ìpolongo ìbò. Ẹ pè wọ́n. Nínú gbogbo ìlà pupa tó wà nínú ìwé mi, èyí ló yá jù tí ẹ lè bá mi pa rẹ́, ìyàwó ilé Agbowó á sì mọ̀ ọ́n lára kí oṣù tó parí.

Mo mọ̀ pé abala 14 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé ààbò àti àlàáfíà ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ọmọ mi ló fi hàn mí. Ó ti ra ìwé tuntun fún ọdún yìí. Ó fa òpó kan sí apá ọ̀tún ojú ewé kọ̀ọ̀kan fún báírò pupa nìkan, kí a má bàa tún máa wá a kiri nígbà tí ọdún bá parí. Ìwé ti èṣí wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, ìwé ti ọdún yìí wà lórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá rán wá láti ẹ̀ka ìṣirò lè wá kà wọ́n, ojú ewé dé ojú ewé. Kó tètè dé, torí aago méje ni mò ń tilẹ̀kùn.

Èmi ni,
Oníṣòwò gàrí kan ní ọjà Bódìjà, Ìbàdàn
Oṣù Kìíní, 2026